Láti Ẹ̀yìn Bándì Bọ́ Síwájú Máìkì: Ìtọ́sọ́nà fún Oníbéèsì Tó Fẹ́ Kọ Orin Tirẹ̀

Bí o bá ti ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ yẹn, lóde ìnáwó rí, o mọ ibi tí wọ́n máa ń fi wá sí. Ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídírọ́ọ̀mù, níbi tí iná kì í ti í dé dáadáa. Wọ́n ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, onígángan ń ki ìdílé wọn nísàlẹ̀, òun náà ń jẹ tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń náwó fún oníbéèsì. Síbẹ̀, bí ọwọ́ rẹ bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, gbogbo ẹni tó ń jó á máa wojú ara wọn, wọn ò ní mọ ohun tó sọnù.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi wà níbẹ̀ kí n tó gbé orin kan jáde lórúkọ ara mi. Ohun tí mo rí kọ́, àtèyí tó dùn àtèyí tó jẹ mí lówó, ni mo kó jọ síbí fún oníbéèsì tó ní orin nínú tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ bí àbúrò. Bó bá jẹ́ pé ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ìwọ" yẹn bínú sí mi.

Kì í ṣe ohun tí ojú ò rí rí. Béèsì ni Paul McCartney ń ta nínú The Beatles. Sting ń ta béèsì, ó sì ń kọrin, nínú The Police kó tó gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1985. Oníbéèsì ni Esperanza Spalding tó gba Grammy ti olórin tuntun tó ta yọ jù lọ ní 2011. Nílé níbí, Kingsley Okorie tó ń ta béèsì àti Benjamin James, ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń lu dírọ́ọ̀mù, ni wọ́n jọ ń jẹ́ The Cavemen. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 2020, háíláìfù ni wọ́n sì fi bọ́ síta. Ẹni méjì tó yẹ kó wà lẹ́yìn ni wọ́n, àwọn fúnra wọn ló wà níwájú yẹn.

Má tíì fi bándì sílẹ̀

Bándì tó o wà ló ń san owó ilé. Jẹ́ kó máa san án lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé, nínú òde márùn-ún tí mo bá lọ, owó ọ̀kan kì í wọ ilé mi. Inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ló ń lọ, orin ni mo sì ń tọ́jú ẹ̀ fún. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí kí ó tó tó orin kan. Kò yá, ṣùgbọ́n mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí pé orin yẹn ti pa mélòó.

Sọ fún ọ̀gá rẹ. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń fi í pamọ́, ọ̀gá á wá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ó di ẹjọ́ láàárín ọ̀sán kan òru kan. Lọ bá a nílé. Má sọ ọ́ ní rìhásà níwájú àwọn ọmọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbìyànjú orin kan. Mi ò ní fi òde yín ṣeré." Gbólóhùn méjì yẹn ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, má kọ orin rẹ lórí pèpéle rẹ̀ àyàfi bó bá pè ọ́ síwájú fúnra rẹ̀. Bí ohùn kan bá jáde ní rìhásà rẹ̀, tó o fẹ́ fi ṣe tìrẹ, bi í kó o tó lò ó.

Ẹnu ni orin ń gbé

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ṣubú.

Oníbéèsì tó bá jókòó láti kọ orin, gìtá ló máa kọ́kọ́ fà yọ. Á rí nǹkan dídùn kan lórí okùn E, èyí tó nípọn jù, á máa yí i po, orí ẹ̀ á máa wú, nígbà tó bá fi máa tó wákàtí méjì á ní òun ti kọ orin. Kò tíì kọ orin o. Ìpìlẹ̀ ló gbẹ́. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, ẹnikẹ́ni ò lè sùn síbẹ̀. Irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà lórí fóònù mi lé ní ogójì, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọmọ kékeré lè máa kọ lọ síléèwé.

Nítorí náà, gbé gìtá kọ́ ògiri. Wá gbólóhùn kan tí èèyàn ń sọ lẹ́nu gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá o. Ohun tí ìyàwó rẹ sọ fún ọ lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí kọ́ńdọ̀ sọ, ohun tí ẹ fi ń dágbére lálẹ́. Ká ní o mú "Bó o bá délé, pè mí." Gbé fóònù, sọ ọ́ sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bó o ṣe máa sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, má kọ ọ́ lórin. Wá gbọ́ ọ. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, ti àárín ni re, ti òkè ni mí. Gbólóhùn yẹn ń lọ báyìí: mí re mí mí mí, dò mí. Èdè wa ti bá ọ kọ ìdajì orin náà kó o tó jí.

Kì í ṣe pé dò, re àti mí nìkan lo máa fi kọrin. O lè na mí lọ sí sò, o lè gbé dò sísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ọ̀rọ̀ máa gòkè, kí orin máa sọ̀kalẹ̀. Bí orin bá dúró sójú kan níbi tí ọ̀rọ̀ ti yí, etí lè fi orí jì ọ́. Bó bá lọ sódìkejì, kò ní jì ọ́. Ẹni tó dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń wí: àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ láti èdè òyìnbó, tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn máa ń yí padà lẹ́nu, ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ló ń jẹ́ ká mọ ohun tí à ń kọ.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi, béèsì ló fà á. Nínú orin mi àkọ́kọ́, àwọn elégbè obìnrin ló yẹ kí wọ́n máa kọ "Ọkọ mi dé." Re re re mí ni. Ṣùgbọ́n béèsì mi níbẹ̀ máa ń ti re bọ́ sí dò, ó dùn mọ́ mi, mo sì jẹ́ kí ohùn àwọn elégbè tẹ̀ lé e. Re dò re mí. Mo gbé e fún ìyá mi pé kí wọ́n gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n gbé ojú sókè: "Ọkọ̀ wo ló dé? Èyí tó ń lọ Ọ̀yìngbò ni?" Ọkọ ti di ọkọ̀. Owó stúdíò tí mo ti san ló lọ yẹn, torí a ní láti padà lọ gba ohùn àwọn elégbè lẹ́ẹ̀kejì.

Látìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé etí oníbéèsì ń gbọ́ orin láti ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì máa ń fẹ́ bá ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kọ ohùn tán pátápátá kí o tó wá béèsì fún un. Tí ohùn bá ti dúró, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí olórin tí kì í ta béèsì ò lè bá ọ dù. Àwọn bàbá wa ní lílé, wọ́n ní ègbè. Jẹ́ kí ohùn rẹ lé, kí béèsì gbè. Níbi tí ẹnu bá ti dúró mí, béèsì á dáhùn. Níbi tí ẹnu bá ti ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, béèsì á di ẹyọ kan mú, á sì panu mọ́. O lè jẹ́ kí béèsì tún gbólóhùn ègbè sọ bí ìyá ìlù ṣe máa ń sọ ọ́, ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Bí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré nínú orin, ní ìparí, àwọn tó gbọ́ èdè á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kó o tó ná kọ́bọ̀ kan, àtẹ́wọ́ ni kó o fi dán orin náà wò. Kọ ọ́ sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé, kò gbọ́dọ̀ sí gìtá, kò gbọ́dọ̀ sí bíìtì. Lọ. Padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá sí ẹni tó rántí ègbè rẹ̀, tún un kọ.

Nípa gígùn rẹ̀, ara àwa tó ti jùjú wá ló máa kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ojú kan á máa lọ láìdúró fún bí ogún ìṣẹ́jú, orin kan á máa wọ inú òmíràn. Orin tí àwọn ọmọ ń gbọ́ lórí fóònù nísinsìnyí, ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni. Jẹ́ kí ègbè ti wọlé kó tó tó ìṣẹ́jú kan. Ìlù tí o fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, tọ́jú ẹ̀ di ọjọ́ òde.

Kíkọrin àti títa lẹ́ẹ̀kan náà

Ẹni tó ń ta gìtá lásán, ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ẹnu á máa gùn ún lọ. Béèsì ò rí bẹ́ẹ̀. Béèsì ní ohùn tirẹ̀, àárín ọ̀rọ̀ ló sì máa ń bọ́ sí. Èèyàn méjì ni o fẹ́ fi ara kan ṣe.

Kọ́kọ́ ta béèsì orin náà títí o fi lè máa bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Èmi, iye tí wọ́n ta ata àti tòmátì lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ni ìyàwó mi máa ń bi mí, mo gbọ́dọ̀ dáhùn láìjẹ́ kí ọwọ́ mi ṣìnà. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, dín eré ẹ̀ kù: bí orin bá ń lọ ní 104 (iye ìlù láàárín ìṣẹ́jú kan), fi metronome, aago tó ń ka ìlù, sí 72. Sọ ọ̀rọ̀ orin náà lórí béèsì, má tíì kọ ọ́. Ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá jókòó kó o tó fi ohùn sí i. Wá máa fi mẹ́rin mẹ́rin gbé eré sókè: 76, 80, títí o fi dé 104. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé lọ.

Ibi tó bá ṣì ń dí ọ lọ́wọ́, kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá ìka rẹ dé pọ̀. Wàá rí i pé ibi kan tàbí méjì ló ń dà ọ́ láàmú, kì í ṣe gbogbo orin. Bó bá sì kọ̀ pátápátá, dín béèsì kù nínú ẹsẹ, jẹ́ kó máa jẹ́ dò nìkan, kó tó padà ní kíkún nígbà tí ègbè bá wọlé. Kò sí adájọ́ tó máa mú ọ.

Ọ̀rọ̀ kíì, ibi tí dò orin ti bẹ̀rẹ̀, kò gùn. Kíì ọ̀gá rẹ kì í ṣe tìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni E kì í ṣe kíì rẹ nítorí pé okùn rẹ wà níbẹ̀. Lálẹ́, nígbà tí ohùn ti là, wá ibi tí ó ga jù tí o lè kọ láìpariwo. Jẹ́ kí òkè pátápátá nínú ègbè wà ní ìwọ̀n kan tàbí méjì sísàlẹ̀ ibẹ̀. Bó bá bọ́ sí E-flat, tú gbogbo okùn wálẹ̀ ní ìdajì ìwọ̀n, tàbí kó o lo béèsì olókùn márùn-ún.

Gbígba ohùn sílẹ̀

O ò nílò ámúpù. Soundcard kékeré (àpótí tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà) tó ní ojú ìho méjì, hẹ́dífóònù tó ṣeé gbọ́ràn, láptọ́ọ̀pù, máìkì kan: ó ti tó fún iṣẹ́ ilé. Ki wáyà béèsì bọ soundcard ní tààrà, ní ojú ìho tí wọ́n kọ "instrument" sí. Gbà á ní 24-bit, 44.1 tàbí 48 kHz, má jẹ́ kí iná pupa tàn láé. Bí o bá ń gbọ́ ariwo bí ti oyin, yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, lo bátìrì, kó o sì yí ara rẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dákẹ́. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń gba tèmi, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ti sùn.

Nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo oníbéèsì mọ̀ kó tó ná owó rẹ̀. Okùn E rẹ ń mì ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41 Hz. Ẹnu sípíkà fóònù kéré, kò lè gbé ohùn tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ jáde. Fóònù sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa fi gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó o fi òru ta, wọn ò ní gbọ́ ọ rárá! Ṣùgbọ́n okùn tó bá ń mì kì í ní ohùn kan ṣoṣo. Ní 82, ní 123, ní 164 àti sókè lọ, àwọn ohùn kéékèèké mìíràn ń bá a lọ. Etí tó bá gbọ́ àwọn yẹn máa ń fọkàn parí èyí tó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, fi saturation díẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn ha díẹ̀, sí béèsì kí àwọn ohùn òkè yẹn lè yọ, tàbí kó o gbé ibi tó ṣe pàtàkì lọ sí ọ̀nà òkè, lórí okùn D àti G. Lẹ́yìn náà, gbọ́ orin náà lórí fóònù rẹ, láìsí hẹ́dífóònù, nínú dánfó tó ń lọ. Ohun tó o bá gbọ́ níbẹ̀ ni orin rẹ.

Nípa amapiano ńkọ́? Log drum, ìlù ohùn ìsàlẹ̀ inú orin amapiano tó ti South Africa wá, ti gba ìjókòó wa, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bí pródúsà bá ti fi log drum sísàlẹ̀, má bá a jà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ilé kan kì í gba baálé méjì. Yálà kó yọ ọ́, tàbí kó o gbé béèsì sókè kó máa sọ̀rọ̀ bí gìtá. Bákan náà ni ìlù ẹsẹ̀: ẹ jọ pinnu ta ló máa wà nísàlẹ̀ jù, kí ẹnì kejì sún sókè díẹ̀.

Má ṣe da orin ara rẹ pọ̀ fúnra rẹ ní ìgbẹ̀yìn. Mo dán an wò. Béèsì mi ròkè ju ohùn mi lọ, kò sì hàn sí mi rárá àfi ìgbà tí àbúrò mi bèèrè pé ta ni ẹni tó ń kọrin lẹ́yìn béèsì yẹn. Gbé e fún ẹlòmíì, san owó rẹ̀.

Ìwé, kí ẹ tó jáde ní stúdíò

Béèsì kan wà tí mo gbé kalẹ̀ fún ẹnì kan nígbà kan rí. Orin náà rìn jìnnà, béèsì yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń fi ẹnu kọ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Owó mọ́tò ni mo gbà. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan mi. Mi ò béèrè, kò sẹ́ni tó kọ nǹkankan sílẹ̀. Má ṣe é fún ara rẹ, má sì ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì.

Ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn. Èkejì ni èyí tí ẹ gbà sílẹ̀, fáìlì yẹn. Wọ́n lè jẹ́ ti èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lábẹ́ Copyright Act ti 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí orin tí o kọ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn tí o bá ti kú. Ti èyí tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ọmọ-ọmọ rẹ ni ò ń bá ṣe ìwé yìí. Ẹ̀tọ́ náà ti jẹ́ tìrẹ láti ìgbà tí o bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí gbà á sílẹ̀, kódà bí o kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló máa gbà ọ́ lọ́jọ́ ìjà.

Ojú ewé kan ti tó. Orúkọ orin, ọjọ́, orúkọ oníkálùkù bó ṣe wà ní báǹkì, ohun tó ṣe, ìdá tó kàn án nínú 100 lórí orin, ìdá tó kàn án lórí fáìlì, kí kálukú fọwọ́ sí i. Ya fọ́tò rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín lórí WhatsApp kí ẹ tó jáde ní stúdíò. Pródúsà tó o san owó bíìtì fún ńkọ́? Bi í bóyá owó náà ti tán ọ̀rọ̀ tàbí ó ṣì ń retí ìdá, kó o sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní "má jẹ́ ká fi ìwé bá ara wa lò, ṣebí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá," òun gan-an ni kó o tètè fún ní bírò.

Lẹ́yìn ìyẹn, forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ orin lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá wa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo orin ní gbangba, bíi rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì. Iléeṣẹ́ tó máa gbé orin rẹ sórí ayélujára kì í bá ọ gba ìyẹn.

Gbígbé e jáde

Fún ara rẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín ọjọ́ tí fáìlì bá parí àti ọjọ́ tí orin máa jáde. O nílò fáìlì WAV, àwòrán ojú àwo tó jẹ́ 3000 sí 3000, àti iléeṣẹ́ bíi DistroKid, TuneCore tàbí CD Baby tó máa pín in fún Apple Music, Spotify, Boomplay àti àwọn yòókù. Àwọn kan ń gba owó lọ́dọọdún, àwọn mìíràn ń gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa yọ ìdá nínú ohun tó bá wọlé. Ka ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí o kò bá san ti ọdún kejì. Audiomack ní tirẹ̀, o lè gbé orin síbẹ̀ fúnra rẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Spotify, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì 2021, ní ibi tí o ti lè bá àwọn tó ń to àkójọ orin sọ̀rọ̀ nípa orin tuntun rẹ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ méje, ó kéré tán, ṣáájú kí ó tó jáde. Bí orin bá ti jáde, ìlẹ̀kùn yẹn ti tì. Láti 2024 ni wọ́n sì ti ní orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù méjìlá kò ní gba owó kankan lọ́dọ̀ àwọn. Bí ẹnì kan bá ní òun máa ta ìgbà 1,000 yẹn fún ọ, sá fún un. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè yọ orin náà kúrò pátápátá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ: Ṣọlá, Sola àti Shola, ẹni mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. Yan ọ̀kan, lò ó níbi gbogbo, kó o sì kọ́kọ́ wá a lórí gbogbo ojúlé wọ̀nyí kí o tó yàn án, kí owó rẹ má baà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ ló kù. Wọ́n á ní kó o ṣe fídíò, òótọ́ ni. Kò pọ̀ olórin tó ń dúró síwájú pẹ̀lú béèsì lọ́rùn, torí náà, ya ìka àti ojú rẹ pọ̀ nínú fídíò ìṣẹ́jú àáyá ogún, ègbè nìkan, kó o sì rántí ọ̀rọ̀ sípíkà fóònù. Ṣùgbọ́n rédíò tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ: onídírọ́ọ̀mù ṣọ́ọ̀ṣì kan, oníkíbọ́ọ̀dù bándì mìíràn, gbogbo àwọn tí ẹ jọ ti ta òru mọ́jú. Mo kọ orin mi sílẹ̀ ní sòfà, ìyẹn dò, re, mí, ojú ewé kan, mo fi ránṣẹ́ sí èèyàn mọ́kànlá nínú wọn. Kí oṣù kẹta tó pé, bándì tí mi ò bá ṣeré rí ti ń kọ ọ́ nígbà tí ìyàwó àti ọkọ ń wọlé, àwọn àlejò sì ń bi wọ́n pé orin ta ni. Owó ayélujára á pẹ́ kí ó tó dé, nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Orúkọ á ti ṣáájú rẹ̀.

Òde tìrẹ àkọ́kọ́

Bí wọ́n bá pè ọ́ wá ṣeré, má kó èèyàn mẹ́wàá lọ. Dírọ́ọ̀mù, kíbọ́ọ̀dù, gángan, elégbè kan. Wákàtí kan ti tó, orin mẹ́fà, mẹ́ta nínú wọn lè jẹ́ ti àwọn àgbà. San owó àwọn ọmọ kí wọ́n tó gun pèpéle. O mọ bó ṣe máa ń rí lára kéèyàn máa dúró de ọ̀gá níbi ọkọ̀ láago márùn-ún ìdájí.

Ta ló máa ta béèsì? Mo ní kó o ta á fúnra rẹ nínú orin méjì, pàápàá èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́ mọ́. Nínú àwọn yòókù, gbé e fún ẹlòmíì, kí ọwọ́ rẹ sófo, kó o lè wojú àwọn èèyàn. Kò ní rọrùn fún ọ. Wàá máa gbọ́ gbogbo ibi tí ìka rẹ̀ ti yàtọ̀ sí tìrẹ, ọrùn á máa yí sẹ́yìn. Pè é ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kó o sì fi orin náà ránṣẹ́ sí i láìsí béèsì nínú rẹ̀.